Ohùn Àtijọ́ àti Gbèsè Àtijọ́

Àwọn olórin kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù tí wọn kì í fẹ́ kọ orin àwọn baba ńlá wọn bí kò ṣe pẹ̀lú irú ohun èlò tí àwọn baba ńlá náà lò. Bí orin kan bá jẹ́ èyí tí a ṣe ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, wọn a wá fáyólìnì tí a kàn ní ayé ìgbà náà, tàbí kí wọ́n bẹ oníṣẹ́ ọnà kí ó kan òmíràn ní àwòṣe rẹ̀ gan-an. Wọn a tú okùn irin kúrò lára rẹ̀, wọn a sì ta okùn tí a fi ìfun àgùntàn ṣe sí i. Ìpè wọn kò ní bọ́tìnì kankan. Èémí àti ètè afunpè nìkan ni ó ń yí ohùn rẹ̀ padà. Dùùrù wọn kì í ṣe èyí tí òòlù kéékèèké ń lu okùn rẹ̀ bí ti òde òní, bí kò ṣe èyí tí ègún ìyẹ́ ẹyẹ ń ta okùn rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi ìka ta mólò. Ohùn tí àwọn olórin ìsinsìnyí fi ń ṣe òṣùwọ̀n, èyí tí ń gbọ̀n ní ìgbà 440 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé 415, kí gbogbo orin náà lè wálẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe òní ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Arnold Dolmetsch ti ń tún ohun èlò àtijọ́ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wò ó bí ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò. Ní 1953, Nikolaus Harnoncourt àti Alice aya rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Concentus Musicus sílẹ̀ ní ìlú Vienna. Ní 1973, Christopher Hogwood dá Academy of Ancient Music sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nísinsìnyí, díẹ̀ ni ìlú ńlá Yúróòpù tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọrin nínú wọn nígbà Kérésìmesì tàbí nígbà Àjíǹde, ẹnikẹ́ni kò sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn olórin wọ̀nyí gbé dání gẹ́gẹ́ bí àsíá, èyí nì ni òtítọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ sí ẹni tí ó ṣe orin náà àti sí ìgbà tí ó ṣe é. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé yìí kò ju báyìí lọ: ẹni tí ó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ òtítọ́ sí àtijọ́, títí dé ibo ni ẹ̀jẹ́ náà dè é? Ṣé etí nìkan ni ó kàn, tàbí ó kan ìwé ìṣirò owó pẹ̀lú?

Kí ọ̀rọ̀ náà má baà dàbí ìjà òjìji, ẹ jẹ́ kí a mú orin kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀. Orin náà ni Messiah, tí George Frideric Handel ṣe. Jámánì ni a bí i sí ní 1685, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Oratorio ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: orin gígùn, tí a mú ìtàn rẹ̀ láti inú Ìwé Mímọ́, tí àwọn adákọrin àti ẹgbẹ́ akọrin ń kọ láìwọ aṣọ eré àti láìṣe bí òṣèré. Charles Jennens ni ó ṣa ẹsẹ Bíbélì jọ fún un. Handel sì fi ọjọ́ 24 péré kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, láti ọjọ́ 22 oṣù Ògọ́sítì sí ọjọ́ 14 oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà ní 1741.

Ìṣirò owó tí wọ́n ná nígbà tí wọ́n kọ ọ́ ní 1754 ṣì wà títí di òní, nítorí náà a mọ iye ènìyàn tí Handel ń lò: àwọn tí ń lo ohun èlò orin jẹ́ nǹkan bí 38, ẹgbẹ́ akọrin jẹ́ 19, ọmọdékùnrin sì ni mẹ́fà nínú wọn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kú tán, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bù kún un. Ní 1784, nígbà tí wọ́n ṣe ìrántí rẹ̀ nínú Westminster Abbey, àwọn olórin ju 500 lọ. Ní 1789, Mozart fi oríṣiríṣi fèrè kún un fún àwọn ará Vienna. Ní 1859, nínú ààfin onígíláàsì tí à ń pè ní Crystal Palace, àwọn akọrin ju 2,700 lọ, àwọn tí ń lo ohun èlò sì ju 450 lọ. Orin tí ó ń fi ẹsẹ̀ fúyẹ́ jó di ohun tí ń rìn bí erin. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rì sínú ariwo, bí ìlù tí omi wọ awọ rẹ̀, tí kò lè sọ ohun tí ó ní í sọ mọ́.

Nígbà tí Hogwood àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tún kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1980, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní 1754, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n rò pé àwọn mọ orin náà dé ìsàlẹ̀ rí i pé àwọn kò tí ì gbọ́ ọ rí. Okùn ìfun a máa dún bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kì í dún bí ẹni tí ń pariwo. Bí ọrun fáyólìnì bá ti fi ọwọ́ kan án, ohùn yóò jáde, yóò sì rọlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ó kàn lè rí àyè. Ìpè kò bo akọrin mọ́lẹ̀. Ìlù méjì tí a fi bàbà ṣe ìkòkò wọn ń dún gbẹrẹgẹdẹ bí ohun tí a fi igi lù ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹgbẹ́ akọrin ènìyàn 20 tí wọ́n kọ Halleluyah báyìí yóò mọ̀ pé kì í ṣe iye ènìyàn ni ó ń mú orin tóbi.

Èmi gbà pé òtítọ́ wà nínú iṣẹ́ wọn, kò sì yẹ kí ọmọ Yorùbá jẹ́ ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Àwa mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ pé ohùn kì í ṣe aṣọ tí a fi wọ ọ̀rọ̀ lásán. Bí a bá gbé igbá sókè jù, tàbí a rẹ ìgbà sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ náà ti di òmíràn. Nígbà tí àwọn baba wa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn orin òyìnbó kọ ìwé orin mímọ́ ní èdè Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rere ni ó di ohun tí kò ní ìtumọ̀ lẹ́nu akọrin. Ó jẹ́ ẹ̀dùn ọkàn fún Thomas Ekundayo Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Christ Church ní Èkó láti 1914 dé 1962, òun náà sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà àtiṣe orin tí yóò tẹ̀ lé ohùn èdè wa. Bẹ́ẹ̀ ni onílù dùndún tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ fún yín pé kì í ṣe gbogbo awọ ni ó ń sọ̀rọ̀, àti pé bí ọṣán bá yatọ̀, ẹnu ìlù yóò yatọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá sọ pé ohun èlò tí Handel gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ ni ó yẹ kí a fi kọ orin Handel, ọ̀rọ̀ àgbà ni ó sọ.

Àwọn kan a máa dá wọn lóhùn pé asán ni, nítorí pé bí ohun èlò tilẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, etí jẹ́ ti òde òní. Etí tí ó ti gbọ́ mọ́tò, ọkọ̀ òfúrufú àti ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ kò lè gbọ́ bí etí ará 1742 ti gbọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fọ gbogbo ara rẹ̀ mọ́ kò ní torí èyí kọ̀ láti fọ ojú. N kò rí i pé èyí jẹ́ àwíjàre tí ó wúwo.

Èyí tí ó wúwo lójú mi wà níbòmíràn. Bí a bá sọ pé a ń padà lọ sí iyàrá tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orin yìí, ó yẹ kí a bojú wo inú iyàrá náà dáadáa nígbà tí a bá dé ibẹ̀, kí a má ṣe wo ìpè àti fáyólìnì nìkan.

Iyàrá náà wà ní Fishamble Street, ní ìlú Dublin, ní ilẹ̀ Ireland. Ọjọ́ 13 oṣù Épírì ní 1742 ni. Àwọn tí ó ṣètò bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n má ṣe wọ yẹ̀rì tí ó ní òrùka gbòòrò lábẹ́, wọ́n sì bẹ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n fi idà sílẹ̀ nílé, kí àyè lè gba ènìyàn sí i. Nǹkan bí 700 ni ó sì wọlé. Jonathan Swift, ẹni tí ó jẹ́ Díìnì St Patrick, ti kọ́kọ́ fi òfin de àwọn akọrin rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ bá àwọn afáyólìnì kẹ́gbẹ́, àmọ́ nígbẹ̀yìn àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ńlá méjèèjì ìlú náà ni ó kọ ọ́. Owó tí ó wọlé kò bọ́ sí àpò Handel. A pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: apá kan fún Mercer's Hospital, apá kan fún ilé ìwòsàn mìíràn tí ń tọ́jú tálákà, apá kẹta fún àwọn tí wọ́n wà ní ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Pẹ̀lú owó apá kẹta yìí, ẹlẹ́wọ̀n 142 gba òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ìgbà náà, ẹni tí ó bá jẹ gbèsè tí kò sì lè san án ni wọ́n ń tì mọ́lé, kò sì lè ṣiṣẹ́ tí yóò fi san án níbẹ̀. Àwọn baba wa pàápàá, pẹ̀lú gbogbo líle ayé wọn, gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nílẹ̀ wa, ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé owó náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọjọ́ tí a bá san owó náà ni yóò gba ilé baba rẹ̀ lọ. N kò yin ìwọ̀fà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ san gbèsè tí kò mọ̀dí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹni tí ó bá mọ ìwọ̀fà yóò mọ ohun tí ó jẹ́ pé kí orin wá san owó lórí rẹ, kí a sì sọ fún ọ pé máa lọ sílé. Ọkùnrin àti obìnrin 142 jáde kúrò nínú òkùnkùn nítorí pé àwọn kan fi fèrè, okùn ìfun àti ọ̀nà ọ̀fun kọrin ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò sí aláròyé tí ó lè mú èyí kúrò.

Ìtàn mìíràn tún wà nípa ọjọ́ náà tí àwọn ènìyàn kì í yé sọ. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Susannah Cibber wà lára àwọn adákọrin. Ọkọ rẹ̀ ti gbé ọ̀rọ̀ àgbèrè rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1738, orúkọ rẹ̀ sì ti bàjẹ́ lẹ́nu gbogbo ayé. Nígbà tí ó kọ orin tí a mú láti inú Aísáyà orí 53, tí ó sọ nípa ẹni tí a kẹ́gàn tí a sì kọ̀ sílẹ̀, a ní àlùfáà kan, Patrick Delany, dìde lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì ké sí i pé nítorí orin yìí kí a dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jì í. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó sì léwu. Ó dùn nítorí pé àánú sọ ọ́. Ó léwu nítorí pé ó fi hàn bí ó ti rọrùn tó, nígbà tí orin bá wọ inú ènìyàn, láti rò pé orin ni ó san gbèsè.

Láti 1750 ni Handel ti ń kọ Messiah ní ọdọọdún ní Foundling Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tí Thomas Coram dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ìyá wọn kò lè tọ́. Wọ́n ń bá a lọ títí lẹ́yìn ikú rẹ̀, owó tí ó wọlé fún àwọn ọmọ náà lápapọ̀ sì súnmọ́ 7,000 pọ́n-ùn. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó fi ẹ̀dà orin náà sílẹ̀ fún ilé náà, pẹ̀lú ìwé tí olúkúlùkù olórin yóò máa wò kọ. Láti inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn olóhun-èlò-àtijọ́ ti ń wá òtítọ́ wọn lónìí.

Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn wà tí orúkọ Handel wà nínú rẹ̀. Ní 1713, ìjọba Spain fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ láti máa kó ẹrú 4,800 lọ sí àwọn ilẹ̀ wọn ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹgbẹ́ oníṣòwò South Sea Company ni a fi iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Ní 1716, Handel ní ìpín 500 pọ́n-ùn nínú ẹgbẹ́ náà. Ní 1720, orúkọ rẹ̀ tún wà nínú ìwé àwọn onípìn-ín Royal African Company. David Hunter, onímọ̀ ìtàn orin kan tí ń gbé Amẹ́ríkà, ni ó tú àwọn ìwé wọ̀nyí wò, tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ ní ọ̀rúndún tí a wà yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ náà rọ̀ yín létí. Kò sí ẹgbẹ́ oníṣòwò kan ṣoṣo tí ó kó ọmọ Áfíríkà kọjá òkun tó o. Ó ní odi tirẹ̀ ní Ouidah, ní etí òkun tí ó di ti Dahomey lẹ́yìn náà, tí ó wà ní ilẹ̀ Benin òde òní. Irin gbígbóná ni wọ́n sì fi ń tẹ àmì ẹgbẹ́ náà sí ara àwọn tí wọ́n rà.

Nítorí náà, ọwọ́ kan náà tí ó kọ Halleluyah ni ó gba ìpín nínú iṣẹ́ yìí. Kí ni kí a ṣe pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan yóò wí pé bí gbogbo ayé ìgbà náà ti rí nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ayé. Ní 1688, ọdún 32 kí orúkọ Handel tó wọ ìwé Royal African Company, àwọn onígbàgbọ́ díẹ̀ ní Germantown ní Pennsylvania ti kọ ìwé tako òwò ẹrú, wọ́n sì bèèrè bóyá àwọn tí ń ṣe é yóò fẹ́ kí a ṣe é sí àwọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, a kò gbọdọ̀ yọ àwọn tí a kó sínú ọkọ̀ kúrò nínú ayé ìgbà náà. Àwọn náà wà láyé, wọ́n sì mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n kí á tó na ìka sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí á rántí pé ẹnìkan ni ó ń mú wọn wá sí etí òkun. Àwọn ọba, àwọn ológun àti àwọn oníṣòwò aláwọ̀ dúdú ni, àwọn ará tiwa sì wà nínú wọn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ilé tí ó ń pa òwe yìí ti rí ohun tí ó ń sọ.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni Messiah, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Handel, nítorí náà kò sí àbààwọ́n lára rẹ̀. Mo gbà apá kìíní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bá ni, a jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dúró níwájú rẹ̀ fún ìdájọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò lè di agboòrùn tí a fi ń bo ìwé ìṣirò mọ́lẹ̀.

Ẹgbẹ́ kẹta, tí wọ́n máa ń jẹ́ ọ̀dọ́, ni àwọn tí ń sọ pé kí a pa orin náà tì. Mo yé ìbínú wọn, n kò sì lè bá wọn lọ. Tí a bá pa á tì, kò sí ẹnìkan nínú àwọn tí ó kú sínú òkun tí yóò jàǹfààní rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ti rí ní ọ̀dọ̀ wa. Àwọn Sàró, ọmọ àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú, tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Sierra Leone, ni wọ́n mú irú orin bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì fi í sínú ètò kọ́ńsáàtì wọn. Ọmọ ẹni tí a tà ni ó gbé orin onípìn-ín wálé, tí ó sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ta ni yóò wá gbà á lẹ́nu rẹ̀?

Ẹnìkan wà tí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. John Newton ni. Ó yípadà sí Ọlọ́run ní 1748. Síbẹ̀, láti 1750 sí 1754, òun ni ọ̀gákọ̀ lórí ọkọ̀ ẹrú, ó sì ń ka Bíbélì lórí omi nígbà tí àwọn ènìyàn wà nínú ẹ̀wọ̀n nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1750 kan náà tí Handel bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Messiah fún àwọn ọmọ Foundling Hospital, Newton ń wakọ̀ lọ ra ọmọ onílé-ọlọ́nà. Lẹ́yìn náà ó di àlùfáà. Nígbà tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù ń sọ nípa ìrántí Handel ti 1784, ó ṣe ìwàásù 50 lórí àwọn ẹsẹ Bíbélì inú Messiah. Ó ní àwọn tí ń lọ gbádùn orin náà láìka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí dàbí àwọn ọ̀daràn tí ó ń dúró de ìdájọ́, tí wọ́n sì mú ìlànà ilé ẹjọ́ náà tí wọ́n sọ ọ́ di orin láti fi dá ara wọn lára yá. Òtítọ́ líle ni. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé ọdún 1788 ni Newton tó tẹ ìwé tí ó fi jẹ́wọ́ ní gbangba ohun tí ó ṣe ní etí òkun Áfíríkà. Ó ti di ọdún 34 tí ó ti fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ó wàásù Messiah lẹ́ẹ̀mejìlá lọ́nà mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹnu rẹ̀ tó gbà á láti sọ ọ́.

Láti ara Newton ni mo ti rí ohun tí mo gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Orin lè san gbèsè owó. 142 jẹ́rìí sí i. Orin kò lè san gbèsè ènìyàn. Nínú gbèsè owó, olówó wà ní ibì kan, a lè lọ bá a, a lè ka owó lé e lọ́wọ́, kí ó sì dá ìwọ̀fà sílẹ̀. Nínú gbèsè èkejì, olówó ti lọ. Òkun gbé àwọn kan, oko ìrèké gbé àwọn mìíràn, orúkọ wọn kò sì sí nínú ìwé bí kò ṣe iye. Delany kò ní àṣẹ láti dárí irú rẹ̀ ji ẹnikẹ́ni nítorí pé orin dùn. Ohun tí ó kù fún ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ olóòótọ́ ni kí ó má ṣe pa gbèsè náà rẹ́ kúrò níbi tí a kọ ọ́ sí. Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé a máa fi èédú fa ìlà sára ògiri fún àwọn tí ó rajà ní àwìn. Bí oníbàárà bá kú, bí ó bá ṣí lọ sí ìlú òmíràn, ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó kun ògiri tuntun kò san ohunkóhun.

Èyí ni ó mú mi padà sọ́dọ̀ àwọn olóhun-èlò-àtijọ́, nítorí pé àwọn gan-an ni ó sún mọ́ ọ̀nà jù. Bí ẹ bá ṣí ìwé tí wọ́n máa ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, ẹ ó rí i pé wọn kì í fi orúkọ olórin nìkan síbẹ̀. Wọn a kọ ọ́ pé fáyólìnì yìí, ẹni báyìí ni ó kàn án, ní ìlú báyìí, ní ọdún báyìí; ìpè yìí jẹ́ àwòṣe èyí tí lágbájá ṣe. N kò mọ ẹgbẹ́ akọrin mìíràn tí ó ń fi irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ka ìtàn igi àti okùn. Bí wọ́n bá sì bi igi náà léèrè, yóò dá wọn lóhùn. Igi líle tí a fi ń ṣe ọrun fáyólìnì àtijọ́ a máa ti apá Guiana wá, ní Amẹ́ríkà ti gúúsù, láti inú igbó kan náà tí a gé lulẹ̀ fún oko ìrèké. Eyín erin tí a fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara fèrè àti dùùrù mìíràn, erin Áfíríkà ni ó ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà òkun kan náà sì ni ó gbà lọ. Ohun èlò náà ti ń sọ̀rọ̀ kí afáyólìnì tó gbé e sí èjìká.

Àwọn kan yóò bẹ̀rù pé bí a bá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ètò orin, adùn yóò bàjẹ́, ẹni tí ó san owó láti wá gbọ́ orin Kérésìmesì yóò lọ sílé pẹ̀lú ọkàn wúwo. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orin náà fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rù ọkàn wúwo. Ó lo ọ̀pọ̀ nínú apá kejì rẹ̀ lórí ìyà àti ìkẹ́gàn kí ó tó dé Halleluyah, ẹni tí kò bá sì fara da apá náà kò tí ì gbọ́ orin náà. Ní ti àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti ní Ìbàdàn, tí ìwé ètò wọn kì í ju ojú ewé mẹ́rin lọ, àwa ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí pé nígbà tí àwa bá dìde kọ ọ́, àwọn tí ìwé ìpín náà ń sọ nípa wọn ni ó ń kọrin.

Ìlà kan tó. Kí a kọ orúkọ Handel, kí a kọ ọdún 1720, kí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe. Kí a fi í sí abẹ́ orúkọ ẹni tí ó kan dùùrù, ní ìwọ̀n lẹ́tà kan náà.